Ọjà Tí Ìwé Náà Kò Rí Tán: Àríwísí Lórí The Cathedral and the Bazaar

Ìwé kékeré kan wà tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà máa ń tọ́ka sí bí àwọn àgbà ṣe ń tọ́ka sí òwe. Orúkọ rẹ̀ ni The Cathedral and the Bazaar. Eric S. Raymond, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́. Ó kọ́kọ́ kà á gẹ́gẹ́ bí àpilẹ̀kọ níbi ìpàdé àwọn oníṣẹ́ Linux ní ìlú Würzburg, ní ilẹ̀ Jámánì, ní oṣù karùn-ún ọdún 1997. Ní ọdún 1999 ó di ìwé títẹ̀. Bí a bá fẹ́ túmọ̀ àkọlé rẹ̀, a lè pè é ní Kàtídírà àti Ọjà. Ọ̀rọ̀ ọjà yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí pé ọjà kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ọmọ alátà ni mí. Ìdí àtẹ ìyá mi ní ọjà Bódìjà, ní Ìbàdàn, ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń ṣírò owó kí olùkọ́ tó kọ́ mi ní ìṣirò. Nígbà tí mo ka ìwé Raymond, mo rí ọgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tún rí i pé ọjà tó júwe kò pé. Ó ka iye ojú tó wà lọ́jà, kò sì béèrè tó ẹni tó ń tọ́jú àwọn tó ni ojú náà.

A kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dájọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ìwé náà wí. Raymond sọ pé ọ̀nà méjì ni a lè gbà kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà kìn-ín-ní dà bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ kàtídírà: àwọn ọ̀mọ̀ràn díẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n ń fara balẹ̀ ṣiṣẹ́, ará ìta kò sì ní fojú kan ohun tí wọ́n ń ṣe títí yóò fi parí. Ọ̀nà kejì dà bí ọjà: ariwo ń sọ, oníkálùkù ń gbé ohun tó ní wá, èrò yàtọ̀ sí èrò, síbẹ̀ ohun tó dára ń ti inú gbogbo rẹ̀ jáde. Linux ló fi ṣe àpẹẹrẹ ọ̀nà kejì yìí. Linux ni ètò tí Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Fínlándì, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991. Kò tíì parí rẹ̀ tó fi kọ̀wé sí àwọn ẹlòmíràn lórí ẹ̀rọ ayélujára pé kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ rí nínú rẹ̀. Lónìí, gbogbo fóònù Android tó wà lápò wa, orí Linux ló dúró lé.

Raymond kò dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó dán ọ̀nà yìí wò fúnra rẹ̀. Ó gba ètò kékeré kan tó ń gbé lẹ́tà ímeèlì lọ́wọ́ Carl Harris, ẹni tí kò nífẹ̀ẹ́ sí i mọ́. Ó ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, ó sì sọ ọ́ di fetchmail. Ẹ̀kọ́ 19 ló fà yọ láti inú iṣẹ́ náà. Ó ní kí a tètè gbé iṣẹ́ wa jáde, kí a sì máa gbé e jáde léraléra. Ó ní kí a mú ẹni tó ń lo iṣẹ́ wa bí alájọṣe. Ó ní bí iṣẹ́ kan bá ti sú wa, ojúṣe wa ìkẹyìn ni láti fà á lé ẹni tó tó o ṣe lọ́wọ́. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni pé bí ojú tó ń wo iṣẹ́ bá ti pọ̀ tó, kò sí àṣìṣe tó lè fara pamọ́ pẹ́. Orúkọ Linus ni Raymond fi sọ òfin yìí.

Ìwé yìí ṣe iṣẹ́ ńlá. Ní oṣù kìíní ọdún 1998, ilé iṣẹ́ Netscape kéde pé òun yóò ṣí kóòdù ètò ìwo-ayélujára òun sílẹ̀ fún gbogbo ayé, wọ́n sì sọ pé ìwé Raymond wà lára ohun tó sún àwọn ṣe é. Láti ìdí ìpinnu yẹn ni Firefox ti wá. Fún ọmọ ilé ìwé ní ilẹ̀ wa, àǹfààní tó wà níbẹ̀ kò kéré. Kóòdù tí a ṣí sílẹ̀ dà bí ilé ẹ̀kọ́ tí a kì í san owó rẹ̀: ọmọ tó wà ní Ìṣẹ́yìn tàbí Ìlá lè ka ohun tí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ kọ, kó tún un ṣe, kó sì fi ránṣẹ́ sí wọn. Ẹni tó bá sọ pé ìwé yìí kò wúlò, kò mọ ibi tí a ti ń bọ̀.

Lẹ́yìn ìwé náà ni ohun èlò tó bá a mu dé. Àwọn oníṣẹ́ Linux ti ń lo ètò kan tó ń jẹ́ BitKeeper láti kó iṣẹ́ wọn pọ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 2005 ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀, ẹni tó ni ín sì fagi lé lílò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, Linus jókòó, ó kọ ti ara rẹ̀, ó pè é ní Git. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Git ti lè tọ́jú àkọsílẹ̀ ara rẹ̀. Ní oṣù keje, ó fa àbójútó rẹ̀ lé Junio Hamano lọ́wọ́. Ní ọdún 2008 ni GitHub dé, ibi tí ẹgbàágbèje èèyàn ti ń kó iṣẹ́ Git wọn sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Microsoft ra GitHub ní bílíọ̀nù 7.5 dọ́là ní ọdún 2018.

Fún àwọn òbí tí kò mọ Git, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ìwé àkọsílẹ̀ kan tí gbogbo ẹgbẹ́ ń kọ sí. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà rẹ̀ lódindi nílé, kódà bí iná kò bá sí tàbí tí dátà tán, ó lè máa bá iṣẹ́ lọ. Gbogbo ìlà tí ẹnikẹ́ni bá kọ, Git yóò kọ orúkọ ẹni náà, ọjọ́ àti wákàtí sí i. Bí ohun kan bá bàjẹ́, a lè padà sí bí ó ṣe wà lánàá. Bí èèyàn méjì bá ṣiṣẹ́ ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Git yóò kó ti àwọn méjèèjì pọ̀ láìsí ariwo. Àmọ́ bí àwọn méjèèjì bá tún ìlà kan náà ṣe, tí ohun tí wọ́n kọ kò sì bára mu, Git yóò dúró. Kò ní yan èyí tó tọ̀nà. Yóò gbé méjèèjì kalẹ̀, yóò sì ní kí àwọn tó ni iṣẹ́ yanjú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa Git nìyí, ibẹ̀ náà sì ni àríwísí mi ti bẹ̀rẹ̀. Ohun èlò tó gbọ́n jù lọ nínú iṣẹ́ yìí mọ ibi tí agbára rẹ̀ pin. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ibi tí èèyàn gbọ́dọ̀ ti bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ìwé Raymond kò dúró níbẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Ó kọjá lọ bí ẹni pé bí ojú bá ti pọ̀, tí ọ̀nà sì ṣí, ìyókù yóò tún ara rẹ̀ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a mú òfin ojú púpọ̀ yẹn yẹ̀ wò. Ètò kan wà tó ń jẹ́ OpenSSL. Òun ló ń ti àgádágodo sí ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín kọ̀ǹpútà wa àti báǹkì tàbí ibi tí a ti ń rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ayé ló ń lò ó, gbogbo ayé ló sì lè ka kóòdù rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2014, wọ́n kéde àṣìṣe kan nínú rẹ̀ tí wọ́n pè ní Heartbleed. Bí àṣìṣe náà ṣe rí nìyí: ká ní oníbàárà kan gbé gáàrì kóńgò kan wá sọ́dọ̀ yín pé kí ẹ bá òun tọ́jú rẹ̀, ó sì sọ pé odindi àpò ni. Nígbà tó padà dé, ẹ kò wo ohun tó gbé wá, ẹ wọn odindi àpò fún un, ẹ sì ń bù láti inú ẹrù àwọn ẹlòmíràn kún un. Bẹ́ẹ̀ ni OpenSSL ṣe ń bu àṣírí onílé fún àlejò. Ó ju ọdún méjì lọ tí àṣìṣe yìí fi wà níta gbangba kí wọ́n tó rí i.

Níbo ni gbogbo ojú wà? Ojú pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n olúkúlùkù rò pé ẹlòmíràn ti wò ó. Nígbà tí àwọn oníròyìn tọ pinpin rẹ̀, wọ́n rí i pé ẹnì kan péré ló ń fi gbogbo àkókò rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí OpenSSL, ọrẹ tó sì ń wọlé fún wọn lọ́dún kò ju nǹkan bíi 2,000 dọ́là lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pa bílíọ̀nù dọ́là ń fi àgádágodo náà ti ilẹ̀kùn wọn, wọn kò sì béèrè bóyá alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́ ti jẹun. Lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ ni Linux Foundation àti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó kó owó jọ láti ran irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Níbí ni mo ti fẹ́ mú Raymond lọ sí ọjà Bódìjà. Àlejò tó bá dé ọjà wa fún ìgbà àkọ́kọ́ lè rò pé ariwo lásán ni. Alábàárù ń ké pé kí wọ́n yà fún òun, oníbàárà ń ná ọjà, ọkọ̀ ń fọn fèrè. Ẹni tó bá gbé ibẹ̀ ló mọ̀ pé ètò wà lábẹ́ ariwo náà. Àwọn alátà ní ẹgbẹ́ tiwọn, ẹlẹ́ran ní tiwọn, onígáàrì ní tiwọn. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní olórí, Ìyálọ́jà sì wà tí ọ̀rọ̀ tó bá ju agbára ẹgbẹ́ ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí obìnrin kan bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ ata, ẹnìkan tí ẹgbẹ́ mọ̀ ni yóò mú un wá, tí yóò sì dúró fún un. Bí ẹnìkan bá fi kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú wọn ọjà fún oníbàárà, ẹgbẹ́ ni yóò pè é sí ìpàdé. Bí ìyá mi bá fẹ́ lọ sí ọsibítù, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ fún ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kò ju pé, “Ẹ bá mi wo ìsọ̀ mi.” Tí wọ́n bá fi máa dé, ìyá náà ti bá wọn ta ata, owó wọn yóò sì pé. Bí ẹnìkan kò bá wá sọ́jà fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn yóò rán ọmọ lọ sílé rẹ̀ lọ béèrè àlàáfíà.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe yìí kò sọ pé èèyàn pọ̀ lọ́jà, nítorí náà ẹnìkan yóò rí ọmọ náà. Ó sọ pé àgbà wà níbẹ̀, ojúṣe rẹ̀ sì ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òfin Raymond àti òwe wa nìyí. Ọ̀kan gbọ́kàn lé iye ojú. Èkejì sọ ẹni tí iṣẹ́ jẹ́ tirẹ̀.

Bí a bá tilẹ̀ wo Linux fúnra rẹ̀ dáadáa, ó jọ ọjà wa ju ọjà inú ìwé náà lọ. Fáìlì kan wà nínú kóòdù Linux tó ń jẹ́ MAINTAINERS. Orúkọ àwọn alábòójútó apá kọ̀ọ̀kan ló wà nínú rẹ̀: ẹni tó ń wo ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọ́ ló ń wo ti ohùn, ẹni tó ń wo ti ohùn kọ́ ló ń wo ti ìsopọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ àlejò gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ alábòójútó kó tó dé ọ̀dọ̀ Linus. Olórí wà, ẹgbẹ́ wà, ètò wà. Ariwo ni Raymond gbọ́, ó sì fi ariwo náà sọ ọjà lórúkọ.

Ohun kejì tí ìwé náà fi ọwọ́ kékeré mú ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó tọ́ kí n sọ pé Raymond kò gbàgbé rẹ̀ pátápátá: ó kọ ọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ darí irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń bá èèyàn lò, kó sì mọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Ṣùgbọ́n ó kọjá lórí rẹ̀ kíákíá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà fi hàn pé ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ńlá wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn lẹ́tà tí Linus ń kọ sí àwọn alájọṣe rẹ̀ gbajúmọ̀ fún èébú. Àwọn kan ń fi wọ́n ṣe ẹ̀rín, wọ́n ní bí ọ̀gá ṣe ń kọ́ ọmọṣẹ́ nìyẹn. Ní ọdún 2015, ẹni tó kọ apá tó jẹ́ kí Linux lè bá USB 3 ṣiṣẹ́ kéde pé òun ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì sọ pé ìwà àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bá ara wọn lò ló fà á. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, Linus fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sí gbogbo ẹgbẹ́, ó tọrọ àforíjì, ó sì ní òun fẹ́ sinmi díẹ̀ kí òun lè gba ìrànlọ́wọ́ lórí bí òun ṣe ń bá èèyàn lò. Àkókò kan náà ni ẹgbẹ́ Linux gba ìlànà ìwà kan tó ń jẹ́ Contributor Covenant wọlé. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá.

Àwọn kan sọ nígbà náà pé bí ìwà pẹ̀lẹ́ bá wọlé, iṣẹ́ gidi yóò jáde. Iṣẹ́ Linux kò dúró. Yorùbá mọ èyí kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Ẹni tí a bú nítorí àṣìṣe kan kò ní fi àṣìṣe kejì hàn wá. Yóò bò ó mọ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wò fún wa mọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, èébú kì í ba ọkàn nìkan jẹ́, ó ń dín iye ojú tí Raymond gbẹ́kẹ̀ lé kù. Kódà ohun èlò wa ní ahọ́n. Àṣẹ kan wà nínú Git tó ń fi ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan hàn. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni blame, èyí tó túmọ̀ sí pé ká di ẹ̀bi ru ẹnìkan. Subversion, ètò tó ṣáájú Git, ní irú àṣẹ yìí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n a lè pè é ní praise níbẹ̀ tí a bá fẹ́, ìyẹn ìyìn. Iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe. Mo rò pé ọmọ tó bá kọ́kọ́ kọ́ ọ̀kan nínú wọn yóò yàtọ̀ díẹ̀ sí ọmọ tó kọ́kọ́ kọ́ èkejì.

Ẹ̀rí tó lágbára jù ló kàn. Ètò kékeré kan wà tó ń jẹ́ xz. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fún fáìlì pọ̀ kí ó má gba àyè púpọ̀. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Linux ló ní in. Ọ̀gbẹ́ni Lasse Collin, ará Fínlándì, ló ń bójú tó o fún ọ̀pọ̀ ọdún láìgba kọ́bọ̀. Ní ọdún 2021, ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Iṣẹ́ náà dára. Ní ọdún 2022, àwọn orúkọ mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà pé Collin ń fi iṣẹ́ falẹ̀, kí ó fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Collin dá wọn lóhùn ní gbangba pé ó ti pẹ́ tí ìlera ọkàn òun ti ń da òun láàmú, àti pé kí wọ́n rántí pé iṣẹ́ tí òun ń fi ìfẹ́ ṣe láìgba owó ni. Kò pẹ́ tí Jia Tan fi di alábòójútó pẹ̀lú rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ẹ̀dà xz tuntun jáde, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì wà nínú rẹ̀ tí olè lè gbà wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Àwọn tó wádìí ọ̀rọ̀ náà gbà pé ó ṣeé ṣe kí àwọn tó ń kán Collin lójú wà lára ètekéte náà.

Andres Freund, tó ń ṣiṣẹ́ ní Microsoft, ló tú àṣírí náà ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2024. Ó ṣàkíyèsí pé wíwọlé sí kọ̀ǹpútà kan ń pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ pẹ̀lú ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Kò gbójú fò ó. Ó tọ pinpin rẹ̀ títí ó fi dé ìdí xz. Nítorí pé kóòdù ṣí sílẹ̀ ló ṣe ṣeé ṣe fún un. Àwọn tó fẹ́ràn ìwé Raymond yóò sọ pé, ẹ ò rí i, ojú ti ṣiṣẹ́! Mo gbà. Ojú rí i, a sì dúpẹ́. Àmọ́ ẹ wo ibi tí olè gbà wọlé. Kò gba inú kóòdù. Inú àárẹ̀ ẹnìkan ló gbà. Ìlà tó ń tanná ran ètekéte náà kò tilẹ̀ sí nínú àkọsílẹ̀ Git. Inú ẹrù tí wọ́n dì fún àwọn tí yóò lò ó nìkan ló wà. Gbogbo ohun tí ẹlòmíràn lè rí gbangba ni lẹ́tà ọkùnrin kan tó sọ pé ó ti rẹ òun, àti àwọn àlejò tó ń pariwo lé e lórí. Nínú gbogbo àwọn tó ń jẹ àǹfààní iṣẹ́ rẹ̀, ta ló sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sinmi, a ó bá yín wo ìsọ̀ yín”? Raymond ti sọ pé tí iṣẹ́ bá ti sú wa, ká fà á lé ẹni tó tó o ṣe lọ́wọ́. Kò sọ bí ẹni tó ti rẹ̀ ṣe máa dá nìkan mọ ẹni tó tó o. Lọ́jà wa, kì í ṣe òun nìkan ni yóò yan ẹni náà.

Èmi kò ní torí èyí sọ pé ọjà wa kò lábùkù. Ẹni tó dàgbà níbẹ̀ kò lè purọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kan máa ń dínà mọ́ àlejò, wọ́n máa ń fi owó ìwọlé tó ga lélẹ̀, wọ́n sì máa ń bínú sí ẹni tó bá ta ọjà rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Olórí mìíràn lè sọ ipò di ogún ilé rẹ̀. Ẹlẹ́tàn náà lè rí onídùúró. Ìdí nìyí tí a fi nílò ìwé Raymond: ó kọ́ wa pé kí ilẹ̀kùn ṣí, kí ọmọdé tó bá ní ohun rere lọ́wọ́ lè gbé e wá láìmọ ẹnikẹ́ni. Ẹjọ́ tí mo ń rò kì í ṣe pé ká ti ilẹ̀kùn. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹnìkan wà nínú ilé tó ń kí ẹni tó wọlé, tó sì ń béèrè ẹni tí kò wá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé ìwé wa. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ sínú ìdíje yìí nìyẹn. Àwa márùn-ún kan nínú ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà ilé ìwé wa kọ ètò tí yóò máa tọ́jú àkọsílẹ̀ ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń yá ní yàrá ìkàwé. A lo Git. Nígbà tí iṣẹ́ parí, olùkọ́ wa fẹ́ fi iye ìlà tí Git sọ pé oníkálùkù kọ pín máàkì. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa tí Git kò mọ orúkọ rẹ̀ rárá. Òun ló fi ọ̀sán méjì jókòó ti màmá tó ń bójú tó yàrá ìkàwé, tó béèrè bí wọ́n ṣe ń yá ìwé, kí ni wọ́n ń ṣe bí ìwé bá sọnù, kí ló dé tí wọ́n fi ń kọ orúkọ kíláàsì ṣáájú orúkọ ọmọ. Láìsí ìbéèrè wọ̀nyẹn, ètò tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni la ò bá kọ. A bẹ olùkọ́ wa pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu wa kí wọ́n tó kọ máàkì sílẹ̀, wọ́n sì gbọ́. Git kò ṣẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí i ló mọ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ ni kí á ro pé ohun tí kò sí nínú rẹ̀, kò ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá fún wa ní iṣẹ́ àjọṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ètò tó jáde nìkan. Ẹ bi wá pé ta ló ran ta lọ́wọ́, ta ló dákẹ́ láàárín ọ̀nà, kí ló sì pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹni tí ojúṣe rẹ̀ jẹ́ láti béèrè àlàáfíà, kí ẹ sì yí i ká kí ó má di ẹrù ẹnì kan. Ẹ̀yin òbí, ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àwọn tí kò fojú rí rí, ọjà ló wà. Ẹ bi í léèrè àwọn tó jọ ń tajà, bí ẹ ṣe máa ń bi í nípa ọ̀rẹ́ tó mú wá sílé. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, bí a bá fẹ́ sọ fún ẹnìkan pé kóòdù rẹ̀ kò dára, ká sọ ohun tí kóòdù náà ṣe tí kò tọ́, ká má sọ irú èèyàn tí ẹni náà jẹ́. Bí a bá sì rí i pé ẹnìkan ń dá nìkan ru ẹrù tí gbogbo wa ń jẹ àǹfààní rẹ̀, ká fi èjìká tì í kí àlejò tí a kò mọ̀ tó bá a gbé e.

Ìdájọ́ mi lórí The Cathedral and the Bazaar ni pé ìwé tó yẹ kí a kà ni, kì í sì í ṣe ìwé tó yẹ kí a gbé mì láìjẹ. Ó ṣí ilẹ̀kùn tó ti wà ní títì fún ìgbà pípẹ́, àwa ọmọ ilẹ̀ Adúláwọ̀ sì wà lára àwọn tó gba ibẹ̀ wọlé. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó ro ọjà bí ibi tí ọjà nìkan wà. Ojú púpọ̀ dára. Ṣùgbọ́n kí ojú tó lè ríran, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ ti jẹun, kó ti sùn, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé bó bá sọ ohun tó rí, ẹnikẹ́ni kò ní bú u.